Ẹni Tí Iyọ̀ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọkọ mi lọ́ra. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí n tó máa yìn ín, nítorí ìyìn pọ̀ níwájú, n kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ìfẹ́ ti fọ́ mi lójú. Liamidi lọ́ra bí ẹni tó ru ẹyin. Bí a bá ń jáde nílé wa ní Dowa, á ti ilẹ̀kùn, á rìn dé ojú títì, á tún padà lọ fọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà wò. Èmi á ti jókòó sórí alùpùpù mi, ara á ti máa ta mí. Olùkọ́ ọmọdé ni mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù, ṣùgbọ́n inú kíláàsì ni mo máa ń lò ó tán.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní Ilé Ohùn. Ilé kékeré kan ni, kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní èdè Nàgó àti èdè Gun: ìtàn ìdílé, orin ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ tí ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ mọ́. Gbogbo ohùn wọ̀nyí wà nínú àpótí irin kan tí Liamidi ń pè ní àká. Ẹ̀rọ méjì ló ń kó ohùn sínú àká náà, àwọn náà ló sì ń mú un jáde. Ọ̀kan wà ní Dowa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká gan-an. Èkejì wà lọ́nà Akpro-Missérété, nínú ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn àwọn tí kò lè wá sí ìgboro. Wáyà gígùn kan so ẹ̀rọ yẹn mọ́ àká, wáyà mìíràn sì so ó mọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Faïzou, ọmọ wa, ó fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ń kí ara wọn ní gbogbo ìgbà. Èyí á ní, ṣé o wà níbẹ̀? Ìyẹn á ní, mo wà níbẹ̀, ibi báyìí ni mo ki ọwọ́ sí. Báyìí ni wọn kì í fi í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ nínú àká.

"Bí ọ̀kan kò bá dáhùn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó dákẹ́, ṣé ó kú ni, àbí ó kàn dákẹ́? Bí èkejì bá rò pé ó ti kú, tó wá ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́, tí ẹni tó dákẹ́ sì ṣì wà níbi tó wà tó ń ki ọwọ́ bọ àká, wọn á kó ohùn lé ohùn lórí. Àká á dàrú. A ò ní lè gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Nítorí náà, kí èyí tó wà láàyè tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa iná èkejì. Bí kò bá dá a lójú pé ó ti pa á, ó gbọ́dọ̀ dúró."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ẹnì kan á fi lọ wò ó."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Bàbá Faïzou, wọ́n wá ẹ̀rọ tó lọ́ra bíi tiyín fún yín." Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ìtàn iyọ̀ fún mi.

Ní Adjarra ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ní ìyàwó méjì, ilé ìdáná kan, ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ìyálé ni Ìyá Àgbà, ìyá Mọ́símọ̀ tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Liamidi. Ìyàwó kékeré ni ìyá tó bí Liamidi. Ẹ jẹ́ kí n máa pe àwọn méjèèjì ní "ó" nínú ìtàn yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀. Wọ́n mọ̀ pé n kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n ń pín ọjọ́ oúnjẹ láàárín ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Ààwẹ̀, Ìyá Àgbà ló kàn, àwọn àna sì ń bọ̀ wá ṣínu lọ́dọ̀ wọn. Ìyá Àgbà gbé ọbẹ̀ kaná, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó lọ dùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò dáhùn. Ó tún pè é, kẹ́kẹ́ pa. Ó ní ara ìyálé òun kò yá, kí òun má wulẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lọ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, ó sì lọ wẹ̀. Bó ṣe wọ ilé ìwẹ̀ ni Ìyá Àgbà jí, ó gba ẹ̀yìnkùlé dé ìdí iná, òun náà fi iyọ̀ sí i. Ààwẹ̀ ni gbogbo wọn wà, kò sí ẹnu kan nínú ilé tó lè tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n ṣínu tán tí àwọn àna fi òkèlè àkọ́kọ́ kan ọbẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo òrùlé, ó na ọwọ́ sí ife omi, kò sì na ọwọ́ sí ọbẹ̀ mọ́.

Ìtìjú yẹn kò jẹ́ kí bàbá wọn sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá igbá kékeré kan tó ní ìdérí, ó da gbogbo iyọ̀ ilé sínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá kàn, ọwọ́ rẹ̀ ni igbá yìí á máa wà. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kí ẹnì kejì wọ yàrá lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà sùn, ì báà máa bínú. Bí ilẹ̀kùn bá tì, kí gbogbo wa fi ebi dúró." Wọ́n sì fi ebi dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Liamidi ní òun rántí ebi náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kò bàjẹ́ mọ́ nílé wọn.

Bàbá kú, àwọn ọmọ dàgbà, kálukú ní ilé ìdáná tirẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ìyá méjèèjì kò yéé gba igbá iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Mo bá wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ. Wọn kì í gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá Àgbà á ní ọwọ́ ìyàwó òun ń wúwo sí iyọ̀ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ló ni òkun. Ìyá ọkọ mi á ní ìyálé òun ń há iyọ̀ bí ẹni pé wọ́n á bá a kà á lọ́run. Wọ́n á bú ara wọn títí, wọ́n á wá jẹun nínú àwo kan náà.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni igbá wà lọ́jọ́ náà, àti láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sí abẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà kan tí mo ń gbá yàrá rẹ̀, mo fẹ́ gbé e lọ sílé ìdáná, ó gbá mi lọ́wọ́ pàá. "Fi sílẹ̀," ló wí. "Èmi ló ṣì kàn."

Nígbà tí àìsàn wá dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bi Liamidi léèrè. Kì í ṣe oògùn. "Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ìyàwó mi," ló máa ń wí. Ó mọ̀ pé ohùn náà wà, nítorí pé Liamidi ti gba ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìdáná Adjarra nígbà tó wà láyé, òun kan náà sì ni gbogbo ohùn rẹ̀ tó kù sí ilé ayé. Ẹ̀dà tó wà nínú fóònù Liamidi ti bá fóònù náà lọ sínú ọ̀sà. Ẹ̀rọ mìíràn tí Ilé Ohùn fẹ́ máa da ẹ̀dà gbogbo ohùn pamọ́ sí, wọ́n ṣì ń retí rẹ̀. Inú àká nìkan ló wà. Liamidi ti ṣèlérí, ó tún ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ní ohùn náà kò tíì mọ́, ewúrẹ́ ń ké nínú rẹ̀, odó ń dún, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìtàn, òun fẹ́ kọ́kọ́ gé wọn kúrò. Mo ti sọ fún yín pé ó lọ́ra.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ wá di kíákíá. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà ní Adjarra. Ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ omi. Ẹ̀gbọ́n Mọ́símọ̀ pè mí sí àgbàlá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó wa, lọ gbé Liamidi wá. Kó mú ohùn yẹn dání. Mi ò rò pé Ìyá máa rí alẹ́."

N kò mọ bí mo ṣe dé Dowa. Mo bá Laure, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ní Ilé Ohùn, lẹ́nu ọ̀nà tó ń ká ọwọ́ lérí. Liamidi jókòó síwájú ẹ̀rọ, kò gbé ojú sókè.

"Bàbá Faïzou, ẹ dìde. Ìyá Àgbà ń lọ. Ẹ gbé ohùn náà ká lọ."

"Ẹ̀rọ Akpro ti dákẹ́," ló wí. "Ti ibí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohùn kankan. Ó fẹ́ pa iná èkejì, àmọ́ ọ̀nà tó fi ń kí i náà ló fi ń pa iná rẹ̀, ọ̀nà ọ̀hún ti dí. Kò mọ̀ bóyá iná kú tàbí kò kú. Mo ti pe Riad tó wà níbẹ̀, fóònù rẹ̀ kò lọ."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, mo kà á: Ṣé o ti fi ojú ara rẹ rí i pé ẹ̀rọ kejì ti kú? Bí o bá ti rí i, kọ "bẹ́ẹ̀ ni".

"Ẹ kọ ọ́," ni mo wí.

"N kò tíì rí i."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni! Ẹ̀rọ ni, Bàbá Faïzou, kì í ṣe àlùfáà. Kò ní bi yín ní Kùránì. Obìnrin tó wẹ̀ yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ń kú lọ, ẹ jókòó ẹ ń ṣe olóòótọ́ fún irin."

Laure yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ọkọ mi wà lórí bọ́tìnnì. Ó fẹ́ kọ ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò fẹ́ kọ ọ́. Omi ti dé ojú rẹ̀ nígbà tó gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Yétúndé," ló wí, kì í sì í fi orúkọ pè mí, "bí mo bá kọ ọ́, tí ẹ̀rọ yẹn sì wà láàyè, ohùn ìyá mi ni wọ́n máa tẹ̀ pa láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà kí ni mo máa mú lọ fún Ìyá Àgbà? Gbé mi lọ sí Akpro."

Inú bí mi. Mo gbé e. Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mi mú, a fi ọ̀nà Adjarra sílẹ̀, à ń sáré lọ síbi tí Ìyá Àgbà kò sí. Gbogbo zémìjàn, àwọn ọlọ́kadà ibí, tó fẹ́ yà mí ni mo kọ́kọ́ yà sílẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí ìyàwó rere ń sọ.

Níwájú ilé Akpro, àwọn ará àdúgbò ń ta bááṣì, ìyẹn àgọ́, fún ìnáwó kan, wọ́n ti na tapólìnì bo ìdajì títì. Ọkùnrin kan ń fi òòlù gbá òpó irin wọlẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Liamidi dúró, ó wo ẹsẹ̀ òpó náà. Wáyà kan já yọ láti inú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Wáyà ìkíni ni. Èyí tó lọ sínú àká ń gba ẹ̀yìn ilé, ohunkóhun kò ṣe é. Kò bá ọkùnrin náà wí. Ó kí i pé ó kú iṣẹ́, a wọlé.

Bàbá arúgbó kan jókòó nínú yàrá, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń hun ìgèrè ẹja. Riad wà níwájú rẹ̀, ó ti pa fóònù kí ó má baà dún sínú ohùn. Lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ tó dákẹ́ dúró ní igun, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, ó ń kó ohùn bàbá náà sínú àká láti àárọ̀.

Mo rántí ọ̀rọ̀ kan péré tí mo ní kó kọ. Mo di apá ọkọ mi mú, òun náà kò sì yọ ọ́.

Ó ní sùúrù kí bàbá náà sọ gbólóhùn rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní kí wọ́n fún òun ní àyè díẹ̀. Ó ní kí Riad jẹ́ kí ẹ̀rọ kó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tó tán, ó pa á, ó fa okùn iná yọ lára ògiri, ó fà á yọ lára ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, ó ká a, ó tì í bọ àpò sòkòtò rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ń gbé okùn lọ?" ni Riad bi í.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣàánú rẹ̀ kó tún fi iná sí i," ni Liamidi dá a lóhùn. Ó pe Laure. "Kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti rí i, okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

A kò tíì kúrò níwájú bááṣì nígbà tí Laure fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i lórí Wátsáàpù. Gbogbo rẹ̀ ni, bó ṣe wà, ewúrẹ́ àti odó. Kò sí àyè láti gé nǹkan kan kúrò. Liamidi kò gbọ́ ọ wò. Ó gbé fóònù sí àyà rẹ̀, ó ní, "Ìyá Faïzou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré." Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ní kí n sáré.

Nígbà tí a dé Adjarra, àgbàlá ti pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n Mọ́símọ̀ jókòó sórí àpótí, ó gbé orí sáàárín ọwọ́.

"A ti pè wọ́n títí," ló wí. "Wọn ò dáhùn mọ́."

Nínú yàrá, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti ń sunkún, ó ti mú aṣọ funfun jáde láti inú àpótí. Ìyá Àgbà nà gbalaja, ojú rẹ̀ dí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Èmi fúnra mi rò pé a ti pẹ́ jù. Ìbínú tí mo gbé pamọ́ sínú fún ọkọ mi tún dìde.

"Ẹ dúró ná," ni Liamidi wí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó gbé etí lé àyà Ìyá Àgbà. Ó pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe máa ń pẹ́ nídìí ohun gbogbo, n kò sì kán an lójú.

"Wọn ò kú," ló wí. "Wọ́n kàn dákẹ́ ni."

Ó gbé fóònù sí etí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Ewúrẹ́ ké. Odó dún. Ohùn ìyá ọkọ mi jáde, ohùn líle yẹn tí mo ti gbàgbé pé mo fẹ́ràn, ó ń sọ bí wọ́n ṣe gbé òun wọ Adjarra gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ìyá Àgbà kò mira. Ohùn náà ń lọ, ó ń lọ, ó wá dúró, bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Dúró ná, Liamidi, ọbẹ̀ mi. Ìyá Mọ́símọ̀! Ìyá Mọ́símọ̀ o! Ṣé ẹ ti sùn ni? Iyọ̀ wà lọ́wọ́ yín, èmi ló sì kàn lónìí. Ẹ gbé e fún mi, kí ẹ̀yin náà lè sinmi."

Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìtàn nìyẹn, àwọn tó fẹ́ gé kúrò.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà mira. Ó wọ́ lórí ẹní díẹ̀díẹ̀, ó wọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa igbá iyọ̀ jáde. Kò la ojú. Ó nà án sí ibi tí ohùn ti wá.

"Gbà," ló wí. "O ò ní jẹ́ kí èèyàn sùn."

Liamidi fi ọwọ́ méjèèjì gba igbá náà. Omi ojú rẹ̀ ń dà, kò nù ún. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ṣì wà lófuurufú.

"Ṣé ó ti kúrò lọ́wọ́ mi?"

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ yín, Ìyá."

"Ṣé o rí i?"

"Mo fi ojú ara mi rí i."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n sùn, nígbà náà."